Ta ló sọ ọ́ ní ijó ikùn?

Ìbéèrè: Ọmọ mi obìnrin ń ṣiṣẹ́ nọ́ọ̀sì ní Birmingham. Ó ti tó ọdún méjì tó ti ń kọ́ ijó kan tí wọ́n ń pè ní ijó ikùn, ijó àwọn Lárúbáwá. Lóṣù tó kọjá, ó gbé fídíò ibi tó ti ń jó o sórí WhatsApp rẹ̀. Ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà rẹ̀ rí i, ló bá pè mí láàárọ̀ ọjọ́ kejì pé ṣé ijó ilé aṣẹ́wó ni ọmọ mi lọ kọ́ ní Ìlú Ọba. Ọmọ mi ní iṣẹ́ ọnà ni, pé àwọn èèyàn ni kò mọ̀ ọ́n. Ojú ń tì mí, mi ò sì mọ ẹni tí ǹ bá gbà gbọ́. Kí ni òótọ́ ọ̀rọ̀ yìí? — Ìyá Ìyàwó, Ìbàdàn

Ìyá Ìyàwó, mo kí yín o, mà. Ọmọ yín ló jàre. Ṣùgbọ́n mi ò ní torí ìyẹn bú àna yín, nítorí irọ́ tó bọ́ sí i lẹ́nu yẹn, òun kọ́ ló dá a. Irọ́ náà ti lé ní 130 ọdún, ọkùnrin oníṣòwò kan ní Amẹ́ríkà sì wà lára àwọn tó jẹ èrè rẹ̀ jù. Ẹ jẹ́ kí n ti orí orúkọ bẹ̀rẹ̀, torí ibẹ̀ ni nǹkan ti wọ́.

Ní Káírò, níbi tí mo ti lo ọdún méjì nítorí ijó yìí, mi ò bá ẹnì kan níbẹ̀ tó ń pè é ní ijó ikùn lédè wọn. Raqs sharqi ni wọ́n ń pè é. Raqs ni ijó, sharqi ni ti ìlà-oòrùn. Èyí tí ìyá àti ọmọ ń jó nínú ilé, lọ́jọ́ ìgbéyàwó, lọ́jọ́ tí inú wọn bá ṣáà dùn, raqs baladi nìyẹn, bí ẹni sọ pé ijó ìlú wa. Ẹ wò ó dáadáa, kò sí ẹ̀yà ara kankan nínú orúkọ méjèèjì. Àwọn Faransé tó wá wòran ni wọ́n fi ikùn sí i, torí ikùn ni ojú tiwọn wà. Ó dà bí ìgbà tí àlejò kan bá dé Ọ̀yọ́, tó bá àwọn oníbàtá lójú agbo, tó wá padà sílé lọ kọ ọ́ sínú ìwé pé àwọn Yorùbá ní ijó kan tó ń jẹ́ "ijó èjìká". Èjìká ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀ lóòótọ́. Ṣùgbọ́n oníbàtá wo ló máa gbà pé ohun tí òun ń ṣe nìyẹn?

Ọdún 1893 ni ọ̀rọ̀ náà wá bẹ́yìn yọ. Ìlú Chicago ṣe ìpàtẹ ńlá kan láti fi sàmì sí 400 ọdún tí Columbus dé ilẹ̀ Amẹ́ríkà. Wọ́n kọ́ àdúgbò kan síbẹ̀ tó dà bí ojú pópó Káírò, t'òun ti ilé, t'òun ti ràkúnmí, t'òun ti oníjó. Sol Bloom, ọmọkùnrin tí kò tíì pé ẹni ọdún 25, ló ń darí apá ibi ìgbafẹ́ níbi ìpàtẹ náà. Òun fúnra rẹ̀ ló kọ ọ́ sílẹ̀ nígbà tó dàgbà, pé bí àwọn aráàlú ṣe gbọ́ ìtumọ̀ orúkọ tí Faransé ń pe ijó yẹn báyìí, wọ́n ti gbà pé nǹkan ìṣekúṣe ni, inú wọn sì dùn sí i, wọ́n ya wá bí omi, àfi bí ẹni tó wa ilẹ̀ kan wúrà. Bẹ́ẹ̀ ni o. Orúkọ ló pawó, kì í ṣe ijó. Ọkùnrin yìí náà ló tún di ọmọ ilé aṣojú-ṣòfin ní Washington lẹ́yìn náà.

Ohun tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín ni pé bí ẹ bá rí fọ́tò àwọn obìnrin tó jó níbi ìpàtẹ yẹn, síkẹ́ẹ̀tì wọn gùn, ẹ̀wù sì bò wọ́n láyà bò wọ́n níkùn. Ikùn tí gbogbo ayé ń pariwo rẹ̀, ta ló rí i? Ìgbà tí ìpàtẹ parí tán ni àwọn obìnrin káàkiri Amẹ́ríkà wá ń pe ara wọn ní Little Egypt, tí wọ́n ń jó níwájú àwọn ọkùnrin nínú àwọn ilé eré tí wọ́n ti ń bọ́ṣọ, tí wọ́n ní ijó Íjíbítì ni. Sinimá Hollywood gbà á lọ́wọ́ wọn, ó tan án kálẹ̀. Ijó yẹn ni àna yín ní lọ́kàn. Kò burú bó bá kórìíra rẹ̀. Kì í kàn án ṣe òun ni ọmọ yín ń jó ni.

Kí wá ni ọmọ yín ń jó? Ẹ jẹ́ kí n sọ ti ara mi. Bàtá ni mo ti ń jó láti kékeré, ìdí nìyẹn tí mo fi rò pé oṣù mẹ́ta péré ni màá fi gbọ́ ijó yìí tán. Olùkọ́ mi ti lé ní ẹni ọgọ́ta ọdún. Ó wọ jàlàbíà dúdú tó bò ó dé ọrùn ẹsẹ̀, ó so ìborùn mọ́ ìbàdí, ó ní kí n dúró. Mo dúró. Ó ní rárá, wọn kì í dúró báyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta gbáko la fi kọ́ ìdúró: kí orúnkún má le, kí ìdí má yọ sẹ́yìn, kí àyà gbé sókè díẹ̀, kí èjìká sì sinmi bí ẹni tí kò jẹ gbèsè. Ọjọ́ tó wá tẹ́ ẹ lọ́rùn, ó bu tíì sínú gíláàsì títí ó fi kún dé ẹnu, ó gbé e lé mi ní àtẹ́lẹwọ́, ó ní kí n mi ìbàdí. Tíì gbígbóná yẹn dà sí mi lápá. Ó rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú rẹ̀. Lòun náà bá gba gíláàsì, ó tún un bù, ó gbé e lọ́wọ́ kan, ìbàdí rẹ̀ ń gbọ̀n rìrì lábẹ́ jàlàbíà, ó sì ń bá mi sọ̀rọ̀ nípa ọmọ rẹ̀ tó wà ní Alexandria. Ẹ̀kán tíì kan ò já bọ́.

Àṣírí ibẹ̀ ni pé ìbàdí kọ́ ló ń mi ara rẹ̀. Orúnkún ni. Orúnkún á máa tẹ̀, á máa nà, wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́, lọ́tùn-ún lósì, ìbàdí á wá máa gbọ̀n lórí rẹ̀ bí omi inú igbá. Láti egungun ìhà lọ sókè, kí gbogbo rẹ̀ dákẹ́ jẹ́ẹ́. Nígbà tó bá mọ́ ọ lára tán, wọn á ní kí ìbàdí máa ya àmì nọ́ńbà mẹ́jọ kí àyà máa ya òbírí tirẹ̀, kí ìkíní má sì bá ìkejì lọ. Ẹ dìde báyìí kí ẹ dán an wò nínú yàrá, ẹ máa rí i pé ara kì í gbọ́ bọ̀rọ̀. Ikùn? Ikùn ń ṣiṣẹ́, ṣùgbọ́n ìwọ̀nba ni. Mo ti wo oníjó tó jó ìṣẹ́jú mẹ́wàá láì yí ikùn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ìbàdí ló ni ijó náà. Àwa tí à ń ki ìyàwó wa ní ìbàdí àrán, mi ò rí ìdí tí ìyẹn á fi bà wá lẹ́rù.

Gbogbo èyí tí mo sọ, eré ìdárayá lásán ni bí kò bá sí etí. Ìlù kan wà tí wọ́n ń pè ní tabla, tín-ín-rín ní ìdí, ó fẹ̀ lójú, orí itan ni wọ́n ń gbé e dùbúlẹ̀ sí lù. Òun ló ń pàṣẹ. Èyí tí ẹ máa gbọ́ jù ni wọ́n ń pè ní maqsum: dúm-tẹ́k, tẹ́k-dúm, tẹ́k. Dúm ń jáde láti àárín ojú ìlù, tẹ́k láti etí rẹ̀. Bí ìlù bá ń lọ, ìbàdí ló ń dá a lóhùn. Bí fèrè nay bá dá wọlé, tí ìlù dákẹ́, oníjó kò gbọdọ̀ máa ju ìdí kiri mọ́, apá àti àyà ni á máa ṣàn tẹ̀lé èémí afunfèrè. Bí qanun, ohun èlò olókùn púpọ̀ yẹn, bá ń gbọ̀n okùn rẹ̀, ara náà á gbọ̀n, ṣùgbọ́n bíńtín. Púpọ̀ nínú rẹ̀ kì í ṣe ohun tí wọ́n ti tò sílẹ̀. Ojú ẹsẹ̀ ni oníjó ń hun ún, bí olùlù bá ṣe yí i ni òun náà ń yí i.

Ó tún wá ku ọ̀rọ̀ inú orin. Bí wọ́n bá ń kọ orin Umm Kulthum, gbajúgbajà obìnrin olórin ilẹ̀ Íjíbítì, tí olórin ń ké pé olólùfẹ́ ti fi òun sílẹ̀, tí oníjó wá ń yọ eyín bí ẹni tó jẹ kàlòkàlò, kò sí àgbàlagbà kan níbẹ̀ tí kò ní mọ̀ pé òpè ni. Olùkọ́ mi a máa dá mi dúró láàárín ijó: "Kí ló sọ báyìí?" Bí mi ò bá ti mọ̀ ọ́n, ó pa orin nìyẹn, a ó jókòó sílẹ̀, a ó máa túmọ̀ rẹ̀ ní ìlà kọ̀ọ̀kan. Lọ́jọ́ kan mo sọ fún un, nínú Lárúbáwá mi jágbajàgba, pé àwọn bàbá wa ní òwe òwe là ń lùlù ògìdìgbó, ọlọ́gbọ́n ní í jó o, ọ̀mọ̀ràn ní í mọ̀ ọ́n. Ó ní kí n tún un sọ. Ó lọ mú bírò, ó kọ ọ́ sẹ́yìn pépà orin Umm Kulthum.

Àwọn tó gbé e dé orí ìtàgé ńkọ́? Badia Masabni, obìnrin tó ti agbègbè Síríà àti Lẹ́bánónì wá, ṣí ilé ìgbafẹ́ kan ní Káírò ní 1926. Ọ̀dọ̀ rẹ̀ ni Tahia Carioca àti Samia Gamal, àwọn oníjó olókìkí méjì, ti jáde. Aṣọ onípele méjì tó ń kọ mànà yẹn, bóyá òun gan-an ló dá ìjà sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín, inú irú ilé ìgbafẹ́ bẹ́ẹ̀ àti inú sinimá ló ti gbajúmọ̀, ọwọ́ Hollywood sì wà níbẹ̀ dáadáa. Aṣọ àwọn ìyá ńlá wọn kọ́. Ní 1949, Ọba Farouk sọ Samia Gamal di oníjó orílẹ̀-èdè Íjíbítì. Tahia ní tirẹ̀ ṣe fíìmù tó lé ní 100, wọ́n sì jù ú sẹ́wọ̀n nítorí ìṣèlú láàárín àwọn ọdún 1950, torí kò mọ bí wọ́n ṣe ń pa ẹnu mọ́. Edward Said, ọ̀jọ̀gbọ́n ọmọ Palestine, tó ti wò ó jó nígbà ọ̀dọ́, kọ àròkọ kan yìn ín ní 1990. Ohun tó rí sọ níbẹ̀ ni pé ọgbọ́n ijó náà kò sí nínú bí oníjó ṣe ń rìn káàkiri tó, inú bí ó ṣe ń rìn mọ níwọ̀n ló wà. Ẹ rántí gíláàsì tíì.

Ṣùgbọ́n mi ò ní parọ́ fún yín, mà, pé Òyìnbó nìkan ló tẹ́ ijó yìí. Àwọn onílé náà ń tẹ́ ẹ.

Láyé àtijọ́, irú obìnrin kan wà ní Káírò tí wọ́n ń kọrin tí wọ́n ń jó fún àwọn obìnrin ilé ọlọ́lá. Almeh ni wọ́n ń pè wọ́n, ìyẹn obìnrin tó ní ìmọ̀. Gbòǹgbò ọ̀rọ̀ náà kan náà ni Alimi tí àwọn Mùsùlùmí wa ń sọ ọmọ ti wá. Àwọn mìíràn wà tí wọ́n ń jó lójú títì, ghawazi. Ní 1834, Muhammad Ali tó ń ṣàkóso Íjíbítì lé àwọn oníjó ìta kúrò ní Káírò, wọ́n bá forí lé òkè odò Nile, ní Esna, ní Qena, ní Aswan. Ebi ń pa wọ́n níbẹ̀, àwọn arìnrìn-àjò Yúróòpù sì ń lọ bá wọn, wọ́n ń fi owó ra ijó, wọ́n ń fi owó ra ara, wọ́n ń padà sílé lọ kọ̀wé. Inú ìwé irú àwọn ọkùnrin bẹ́ẹ̀ ni ọ̀pọ̀ Òyìnbó ti kọ́kọ́ gbọ́ nípa ijó yìí.

Títí dòní, ẹni tó bá fẹ́ fi í ṣiṣẹ́ ní Íjíbítì gbọ́dọ̀ gba ìwé àṣẹ ìjọba, òfin sì wà lórí bí aṣọ rẹ̀ ṣe máa rí. Ní 2003 wọ́n ní àjèjì kò gbọdọ̀ gba ìwé àṣẹ náà mọ́. Nígbà tó di 2004, wọ́n yí ohùn padà. Dina, tó wà lára àwọn oníjó tí òkìkí wọn kàn jù lónìí, gboyè másítà nínú ìmọ̀ fìlọ́sọ́fì, síbẹ̀ ẹnu kò kúrò lára rẹ̀.

Mo lọ sí ìgbéyàwó kan nínú òtẹ́ẹ̀lì kan lẹ́bàá odò Nile. Ọkọ àti ìyàwó ń sọ̀ kalẹ̀ bọ̀ lórí àtẹ̀gùn, onílù àti onífèrè ń sìn wọ́n bọ̀, oníjó wà níwájú. Ó gbé ohun èlò onírin kan ka orí, tí àbẹ́là tó ń jó wà lórí rẹ̀ yíká; shamadan ni wọ́n ń pè é. Ìbàdí ń mì, iná kò mì. Ìyá ọkọ ń sunkún ayọ̀, ó fẹnu ko oníjó náà ní ẹ̀rẹ̀kẹ́, ó fọwọ́ kan ìyàwó lórí. Nígbà tí a jókòó tì í oúnjẹ, mo bi í pé bí ó bá jẹ́ oníjó yẹn ni ọmọ rẹ̀ mú wálé ńkọ́. Ó wò mí bí ẹni tí mo bú.

Ṣé kì í ṣe àwa náà nìyẹn? Àwọn ìyá tó ń lẹ owó mọ́ onílù níwájú orí títí ilẹ̀ fi ń mọ́, àwọn kan náà ni wọ́n ń sọ láàárọ̀ pé alágbe kọ́ ni yóò fẹ́ ọmọ àwọn.

Ọkùnrin kan tún wà tí mo gbọ́dọ̀ dárúkọ, torí àwọn kan á ní ijó obìnrin nìkan ni. Mahmoud Reda ti fi jimnásíìkì ṣojú Íjíbítì ní Òlíńpíìkì 1952. Ní 1959 òun àti àwọn ẹbí rẹ̀ dá ẹgbẹ́ oníjó sílẹ̀. Ó wo bí àwọn ará ìgbèríko ṣe ń jó, títí kan ijó ọ̀pá àwọn ọkùnrin ìhà gúúsù, ó tò ó fún orí ìtàgé, tọkùnrin tobìnrin jọ ń jó o, àwọn tó ń pọ̀ṣẹ́ sí oníjó wá ń ra tíkẹ́ẹ̀tì. Mo fẹ́ràn iṣẹ́ ọkùnrin yẹn gan-an. Ṣùgbọ́n ohun kan máa ń dùn mí níbẹ̀. Aṣọ bo ara, ibi ìjókòó yí padà, ìbàdí sì ń ṣe ohun tó ti ń ṣe tẹ́lẹ̀, ni ọ̀wọ̀ bá dé.

Ní báyìí, ibì kan wà tí èmi àti ọmọ yín lè ti jà. Bí ó bá ń gbèjà ara rẹ̀ lọ́dọ̀ àna pé ijó mímọ́ ni, pé àwọn ìyàwó Fáráò ló ń jó o, pé inú ìrọbí ló ti ṣẹ̀, ẹ ní kó fi ìyẹn sílẹ̀. Àwòrán oníjó wà lára ògiri ibojì àwọn ará Íjíbítì ayé àtijọ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò sí ẹni tó lè fa okùn láti ibẹ̀ dé ilé ìgbafẹ́ Badia kí ó má já. Ti ààfin Súlútáánì, níbi tí obìnrin ogójì ti ń jó fún ọkùnrin kan ṣoṣo lórí ìrọ̀rí, ọwọ́ àwọn ayàwòrán Yúróòpù ló pọ̀ jù níbẹ̀, ọkùnrin àjèjì wo ni wọ́n máa jẹ́ kó wọ ọ̀dẹ̀dẹ̀ obìnrin? Àwọn tó ń fi irọ́ aláwọ̀ funfun yìí gbèjà ijó rò pé àwọn ń bọ̀wọ̀ fún un. Lójú tèmi, wọ́n ń sọ pé kò tó nǹkan fúnra rẹ̀ àfi tí wọ́n bá fi ọba àti òrìṣà bò ó lórí.

Kí ni kí ẹ ṣe? Ẹ má sọ fún ọmọ yín pé kó pa fídíò rẹ́. Ẹ pè é, kó ṣí i fún yín, kí ẹ̀yin méjèèjì jọ wò ó. Nígbà tí ẹ bá ń wò ó, ẹ má wo ìbàdí, ojú gbogbo èèyàn ti wà níbẹ̀. Ẹ wo èjìká, bóyá ó sinmi. Ẹ wo ojú rẹ̀, bóyá ojú ẹni tó ń gbọ́ orin ni àbí ojú ẹni tó ń wá oníbàárà. Ẹ fetí sí ìlù, kí ẹ mọ̀ bóyá ara rẹ̀ dúró nígbà tí ìlù dúró. Ẹ bi í pé kí ni olórin ń sọ. Bí ó bá dáhùn, ẹ ti ní ohun tí ẹ lè sọ fún ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà rẹ̀.

Ohun kan péré ni mo fẹ́ kí ẹ kìlọ̀ fún un nípa rẹ̀, bó bá dọjọ́ kan tí wọ́n pè é kó wá jó nínú ilé oúnjẹ. Ọkùnrin kan á fẹ́ ti owó bọ aṣọ rẹ̀. Kó má gbà. Kó ní kí wọ́n fọ́n ọn sókè tàbí kí wọ́n fún olùlù, bẹ́ẹ̀ ni àwọn oníjó tó mọ iyì ara wọn ń ṣe. Ìnáwó ní ààyè tirẹ̀, ẹ̀yin náà kò ní gbà kí ẹnì kan lẹ owó mọ́ ìyàwó lójú agbo níbi tí kò yẹ.

Ti ẹ̀gbọ́n àfẹ́sọ́nà yẹn, ẹ pè é padà fúnra yín, ẹ má rán ẹnikẹ́ni sí i. Ẹ sọ fún un pé ọmọ yín ń kọ́ ijó, olùkọ́ ló ń kọ́ ọ, ó ti tó ọdún méjì. Bí ó bá ní kí ló wá gba ọdún méjì nínú kéèyàn gbọn ìdí, ẹ bu tíì sínú gíláàsì fún un lọ́jọ́ mọ̀mínmọ̀ọ́, kó kún dé ẹnu.